Iṣẹ́ òòjọ́ àbí iṣẹ́ ìpè? Bí kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe ń bá òṣìṣẹ́ rẹ̀ wá ìdáhùn

Ẹni tó ń gbé ní Mararaba, lẹ́bàá Abuja, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Bwari kò lè dúró kí ilẹ̀ mọ́ kó tó jáde nílé, torí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ Nyanya kò mojú ẹnikẹ́ni. Tó bá dé ẹnu iṣẹ́, fáìlì ló ń dúró dè é, kì í ṣe kíláàsì. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í mọ orúkọ rẹ̀ àfi ọjọ́ tí èsì ìdánwò bá sọnù. Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ètò yìí wà fún: kọ́lẹ́ẹ̀jì á bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ jókòó, kí kálukú lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iṣẹ́ tó ń ṣe kan Ọlọ́run tó ń sìn, tàbí ọ̀nà oúnjẹ lásán ni.

Amẹ́ríkà ni ètò náà ti gbilẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2000 ni Lilly Endowment, àjọ aláàánú kan ní Indianapolis, bẹ̀rẹ̀ sí í fún kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì lówó, títí iye wọn fi pé 88, kí wọ́n lè ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ láti wá ìpè wọn, ìyẹn iṣẹ́ tí Ọlọ́run pe kálukú sí. Wọn kò yọ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, torí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ìpè rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tí kò béèrè tirẹ̀ rí, inú agbọ̀n ló ń pọnmi sí.

Ìwádìí kan tó jáde ní 1997 wúlò níbí. Olùwádìí ará Amẹ́ríkà kan, Amy Wrzesniewski, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ojú mẹ́ta ni èèyàn fi ń wo iṣẹ́: ẹnì kan ń ṣe é torí owó, ẹnì kan torí ìgbéga, ẹnì kan torí pé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ń tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó sì ń ṣe aráyé láǹfààní. Ti ìkẹta yìí ni wọ́n pè ní ìpè. Wọ́n wo akọ̀wé 24 ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, síbẹ̀ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọgbọọgba ni wọ́n pín sí ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ipò kọ́ ló ń sọ iṣẹ́ di ìpè, nìyẹn. Àwa tí a ń sọ pé iṣẹ́ ọba, a kì í làágùn ṣe é, gbogbo wa la mọ ẹnì kan ní ọ́fíìsì tó ń làágùn ṣe é.

Bí ìjókòó náà ṣe rí nìyí. Èèyàn bíi mẹ́jọ sí méjìlá ló ń péjọ, láti ẹ̀ka ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: máígádì, oníṣirò owó, alásè, òṣìṣẹ́ ilé-ìkàwé. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni, láàárín àkókò iṣẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn tí oníkálukú ti fẹ́ wá ọkọ̀ lọ sílé. Ẹni tó ń darí kì í ṣe ọ̀gá ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tí wọ́n bá sọ níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dé inú fáìlì òṣìṣẹ́ kankan. Bó bá débẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ètò náà ti kú. Ní Amẹ́ríkà wọ́n lè máa pe orúkọ ara wọn lásán. Ẹ má dán an wò láàárín Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí Alhaja máa jẹ́ Alhaja, ṣùgbọ́n kí ẹni tó kéré jù kọ́kọ́ sọ tirẹ̀, torí tí àgbà bá ti ṣíde, «bí wọ́n ṣe wí náà ni» ni ọmọdé máa sọ.

Òfin tó le jù ni pé kò sí ìmọ̀ràn, ìbéèrè nìkan ni. Àwọn Quaker, ìjọ Kìrìsìtẹ́nì kan, ti ń lo irú rẹ̀ tipẹ́. Ká ní obìnrin kan láti ọ́fíìsì ìdánwò sọ pé òun fẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnu á ti máa yún àwọn kan láti sọ pé, «Ẹ máa gbàdúrà, mà.» Wọ́n á dá wọn dúró. Ẹlòmíì á béèrè pé, «Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọjọ́ wo ló kọ́kọ́ sú yín?» Ó dákẹ́, ó ń fi ìka yí òrùka ọwọ́ rẹ̀. Ó wá ní ọjọ́ tí ẹnì kan ní kí òun jẹ́ kí máàkì tí kò tọ́ wà bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ kọ́ ló sú u nígbà náà.

Ibi ìgbàgbọ́ ló ti gba ọgbọ́n jù. Lójú Kìrìsìtẹ́nì, ọ̀rọ̀ «ìpè» rọrùn: Pọ́ọ̀lù lò ó, Martin Luther, àlùfáà ará Jámánì tó dá ìjọ Pùròtẹ́sítáǹtì sílẹ̀, sì sọ ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé bàtà rírán náà lè jẹ́ ìpè bíi ti àlùfáà. Ṣùgbọ́n sọ «ìpè» létí Mùsùlùmí, ìrun pípè ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Àníyàn (ohun tí èèyàn gbèrò lọ́kàn) àti àmánà (ohun tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ ẹni) ló máa ń yé e kíá, torí hádíìsì sọ pé àníyàn ni iṣẹ́ dá lé. Ẹlẹgbẹ́ tó jẹ́ Hausa náà mọ àmánà. «Bí orí ṣe yàn án ni» tún wà; bó bá tètè wọlé, ó lè ti ìlẹ̀kùn ìbéèrè pa, torí náà olùdarí á rọra béèrè pé kí ni orí ọ̀hún yàn gan-an. Kí wọ́n má sì fi ìjókòó sí ọ̀sán Jímọ́ọ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí ìjọ dá sílẹ̀, bíi Veritas ti àwọn Kátólíìkì ní Bwari tàbí Bingham ti ìjọ ECWA ní Karu, lè bẹ̀rẹ̀ láti inú ìgbàgbọ́ tirẹ̀. Yunifásítì ìjọba kò lè ṣe bẹ́ẹ̀: abala 38 nínú Òfin Orílẹ̀-èdè 1999 fún kálukú ní òmìnira ẹ̀sìn. Níbi méjèèjì, ẹni tó bá wù ú ló ń wá.

Ewu kan wà tí àwọn alákòóso kì í fẹ́ gbọ́. Olùwádìí méjì, Bunderson àti Thompson, bá àwọn tó ń tọ́jú ẹranko ní ọgbà ẹranko sọ̀rọ̀, ìwádìí wọn sì jáde ní 2009: ẹni tó gbà pé Ọlọ́run tàbí àyànmọ́ ló fún òun níṣẹ́ máa ń gba owó tó kéré, ọ̀gá sì lè fi ìyẹn rẹ́ ẹ jẹ. Ní Nàìjíríà tí owó oṣù tó kéré jù jẹ́ 70,000 náírà láti 2024, kọ́lẹ́ẹ̀jì tó jẹ òṣìṣẹ́ lówó oṣù mẹ́ta kò ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ ìpè. Kó kọ́kọ́ sanwó. Bí ẹnì kan bá sì mú ọ̀rọ̀ owó wá sí ìjókòó, ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ ni ìyẹn náà.

Lẹ́yìn ọdún kan, àwọn kan á fiṣẹ́ sílẹ̀. Ètò náà kò ka ìyẹn sí àdánù. Àwọn mìíràn á dúró, wọ́n á yí ìwọ̀nba tó wà níkàáwọ́ wọn padà. Obìnrin ọ́fíìsì ìdánwò yẹn lè má lọ síbì kankan. Ó lè kàn ní kí èèyàn méjì máa fọwọ́ sí máàkì tí wọ́n bá yí padà, kó fa ìlà méjì sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà, kó sì kọ orúkọ tirẹ̀ sí ti àkọ́kọ́.