Bí ọjọ́ ìpàdé ṣe ń rìn dé orí fóònù: ìtàn fáìlì .ics

Ẹgbẹ́ tó bá mọ iyì ara rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú gbọ́dọ̀ tẹ kàlẹ́ńdà. Bí ọdún bá ti ń lọ sópin, a ó máa rí i lára ògiri pálọ̀ káàkiri: fọ́tò ààrẹ láàárín, ti akọ̀wé àti akápò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, oṣù méjìlá nísàlẹ̀, ọjọ́ ìpàdé nínú yíǹkì pupa. Ọjọ́ kan ló máa ń dààmú atẹ̀wé: Ojúde Ọba, tí àwọn rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ẹgbẹ́ àwọn tó jẹ́ ọjọ́ orí kan náà, máa ń wọ́ lọ síwájú Awùjalẹ̀, tí àwọn ìdílé balógun máa ń gun ẹṣin. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni. Iléyá sì rèé, oṣù ojú ọ̀run ló ń tẹ̀lé, ó ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yára dé lọ́dọọdún. Ní 2024, ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ni Ojúde Ọba bọ́ sí; ní 2025, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà. Èyí tí wọ́n ti tẹ̀ sórí páálí kò ṣeé yí mọ́.

Lóde òní, akọ̀wé lè kọ ọjọ́ náà sí ojú kan, nínú dátábéèsì ẹgbẹ́, ibi tí àkọsílẹ̀ wọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí fóònù àwọn tó wà ní Ṣàgámù, ní Èkó àti ní London fúnra wọn lọ kà á níbẹ̀, nínú fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .ics. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé Google ló dá irú nǹkan yìí sílẹ̀. Google bá a lọ́nà ni.

Ṣáájú 1996, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì nílẹ̀ òyìnbó ti ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú ọjọ́, ṣùgbọ́n ohun tí áàpù iléeṣẹ́ kan bá kọ, ti iléeṣẹ́ kejì kò lè kà á. Lọ́dún náà ni Pilot ti iléeṣẹ́ Palm jáde, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí a ń dì lọ́wọ́. O gbé e lé orí ìjókòó rẹ̀ tí wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà, o tẹ bọ́tìnnì kan, ọjọ́ inú àwọn méjèèjì á bára mu. Ó dáa fún ẹni tó ni ín. Kò ran ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń lo áàpù mìíràn lọ́wọ́.

Apple, AT&T, IBM àti Siemens ti para pọ̀ nígbà náà sábẹ́ orúkọ Versit. Ní oṣù kẹsàn-án 1996 kan náà, wọ́n gbé vCalendar jáde. Kì í ṣe áàpù o, àdéhùn lásán ni, lórí bí a ṣe gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ sílẹ̀ kí ẹ̀rọ gbogbo lè kà á. Nígbà tó di oṣù kejìlá, wọ́n fà á lé Internet Mail Consortium, ẹgbẹ́ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ímeèlì, lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni IETF, àwọn tó ń ṣètò òfin íntánẹ́ẹ̀tì, tún un ṣe. Frank Dawson láti Lotus àti Derik Stenerson láti Microsoft ló kọ ọ́, ó sì jáde ní oṣù kọkànlá 1998 gẹ́gẹ́ bí RFC 2445 (RFC ni IETF ń pe ìwé ìlànà rẹ̀), tí wọ́n pè ní iCalendar, ìlànà tí fáìlì .ics ń tẹ̀lé. Bernard Desruisseaux tún un kọ ní 2009. Ìyẹn, RFC 5545, ló ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ ṣí fáìlì .ics wò, ẹ ò ní rí idán kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ gbọọrọ ni. BEGIN:VEVENT ló ń ṣí i, END:VEVENT ló ń tì í. SUMMARY ni orúkọ ayẹyẹ, DTSTART;TZID=Africa/Lagos:20250608T090000 ni aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ojúde Ọba, aago tiwa. Africa/Lagos yẹn ló ń jẹ́ kí ará London rí i pé ìpàdé aago mẹ́rin wa bọ́ sí aago mẹ́ta lọ́dọ̀ òun nígbà òtútù, àmọ́ tó jẹ́ aago mẹ́rin kan náà nígbà ooru.

Ìlà tí mo kà sí ọba nínú gbogbo wọn ni UID. Òun ló ń sọ fún fóònù pé ìpàdé tí a sún láti Sátidé sí Sọ́ńdè, ìpàdé àná náà ni, kì í ṣe òmíràn. Dátábéèsì ti fún ìpàdé kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tẹ́lẹ̀. Bí ẹni tó ṣe é bá fi nọ́ńbà yẹn ṣe UID, àlàáfíà ni. Bó bá ń dá tuntun sílẹ̀ ní gbogbo ìgbà, ẹni tó tún fáìlì náà gbé wọ fóònù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì á bá ìpàdé kan náà ní méjì-méjì.

Ohun tó ń padà wá déédéé ní ìlà tirẹ̀, RRULE. Ọjà ọrọọrún rọrùn láti kọ: FREQ=DAILY;INTERVAL=4. 4 ni o, torí pé àwa máa ń ka ọjọ́ ọjà tòní mọ́ ọn. Ẹni tó bá kọ 5 á dé ọjà lẹ́yìn tí ọjà ti tú. Ní ti Iléyá, RFC 7529 ti 2015 fàyè gba kàlẹ́ńdà tó yàtọ̀ sí ti òyìnbó, ṣùgbọ́n ìṣirò kò lè dúró de ìkéde Sultan Sókótó. Ọwọ́ akọ̀wé náà ni a ó máa wò lọ́dọọdún.

Ohun kan tún wà tó kàn wá, àwa tí ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀: ìlà kan kò gbọdọ̀ ju báìtì 75 lọ kó tó ṣẹ́ sí ìlà kejì; báìtì ni a fi ń wọn àyè tí lẹ́tà ń gbà nínú kọ̀ǹpútà. Lẹ́tà “a” gba báìtì kan. “Ọ̀” gba márùn-ún. Áàpù tí kò bá mọ ìyẹn lè gé lẹ́tà wa sí méjì.

Títí di 2002, fífi fáìlì ránṣẹ́ ló wọ́pọ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà ni Apple gbé iCal jáde, tó jẹ́ kí èèyàn lè fi àdírẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú webcal darí áàpù síbi tí ọjọ́ wà, kó máa padà lọ wò ó. Ìyàtọ̀ ńlá wà níbẹ̀: ẹni tó gbé fáìlì wọlé dà bí ẹni tó da ohun tó wà lára pátákó kọ tó sì lọ ilé, bí wọ́n bá pa á rẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò ní mọ̀. Google Calendar dé ní oṣù kẹrin 2006, ó gba ọ̀nà méjèèjì. Ní 2007, àdéhùn mìíràn, CalDAV, jẹ́ kí ẹni tó ń kà lè kọ padà. Fún ẹgbẹ́, èmi ò rí èrè rẹ̀. Ta ló fẹ́ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lágbára láti sún ọjọ́ ìpàdé?

Ìgbà tí fóònù ń padà lọ wo ojúko náà ló ṣì ń fa wàhálà. Láti 2016 ni RFC 7986 ti pèsè ìlà REFRESH-INTERVAL, tí akọ̀wé lè fi dábàá bó ṣe yẹ kó máa yára tó, ṣùgbọ́n áàpù lè má kà á sí. Google sọ pé àtúnṣe lè gba tó wákàtí 12 kó tó hàn. Ìyẹn kò pa Ojúde Ọba lára, torí ọjọ́ kẹwàá oṣù ni Iléyá: bí wọ́n bá ti kéde pé oṣù lé, ó ju ọ̀sẹ̀ kan lọ kí ọjọ́ tó pé. Àmọ́ bí ìpàdé aago mẹ́rin bá kúrò ní gbọ̀ngàn kan bọ́ sí òmíràn lọ́sàn-án ọjọ́ náà, kí akọ̀wé tún un ṣe nínú dátábéèsì, kó sì tún máa pe àwọn èèyàn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.