Àyà Mi Ń Lù Kìkì, Àyẹ̀wò Ní Kò Sí Nǹkan: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọmọbìnrin aránṣọ kan nítòsí Tákíé, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, ló fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi ní nǹkan bí aago méjì òru. Àyà rẹ̀ ń lù bí ìgbà tí wọ́n ń gúnyán, ọwọ́ rẹ̀ tutù, ó sì dá a lójú pé ilẹ̀ ọjọ́ náà kò ní mọ́ bá òun. Ó ti ṣe àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é, ó sì ní gbólóhùn yẹn gan-an ló dun òun jù. Mo ti ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún, àníyàn tó ń mú àyà lù báyìí sì ti ṣe èmi náà rí. Mo wá kó àwọn ìbéèrè rẹ̀ mọ́ ti àwọn mìíràn tó ti bi mí, kí ẹni tó bá ń jí jókòó lóru lè rí i kà.

Ìbéèrè: Mọ́mì Nọ́ọ̀sì, bí ọkàn mi bá dá ṣáká, kí ló wá ń lù? Àbí èmi ni mò ń fọwọ́ ara mi fà á?

Ó ń lù lóòótọ́, ọmọ mi. O ò purọ́, o ò sì ṣàṣejù. Àwọn baba wa ti mọ̀ pé inú àyà ni ìbẹ̀rù ń gbé. Ìdí nìyẹn tá a fi ń sọ pé àyà mi já, àyà ń fò mí, ọkàn mi ò balẹ̀. Bí ajá bá ṣàdédé gbá tẹ̀lé ọ lóru, ẹṣẹ́ kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín á tú oje kan tó ń jẹ́ adirẹnalíìnì sínú ẹ̀jẹ̀. Oje yìí á ní kí ọkàn sáré, kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè dé ẹsẹ̀, kó o lè sá. Ọkàn àgbàlagbà tó jókòó jẹ́ẹ́ máa ń lù ní ìgbà 60 sí 100 ní ìṣẹ́jú kan. Tí ìpayà bá dé, ó lè kọjá 120. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ara kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ajá àti owó ilé. Gbèsè, ọmọ tí kò tíì pè, aṣọ ìyàwó tó yẹ kó ti jáde lánàá, oje kan náà ló ń tú fún gbogbo wọn. O ò sì ríbi sá sí, orí bẹ́ẹ̀dì lo wà. Ọkàn rẹ kò ṣẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́.

Ìbéèrè: Nígbà mìíràn ó máa ń ṣe bíi pé ó dúró, á wá lù gbì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìlù kan ló dé ṣáájú àsìkò rẹ̀. Ọkàn á sinmi díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á kún inú rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí tó bá tẹ̀lé e á sì lù tagbáratagbára. Gbì yẹn lo ń gbọ́. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le koko ló ń ní in láìmọ̀.

Ìbéèrè: Kí ló dé tó jẹ́ òru ló máa ń yàn?

Òru dákẹ́. Lọ́sàn-án, ariwo máṣíìnì àti ọ̀kadà ti bò ó mọ́lẹ̀. Bó o bá tún fi ẹ̀gbẹ́ òsì sùn, ọkàn á sún mọ́ egungun àyà, wàá máa gbọ́ ọ nínú ìrọ̀rí.

Ìbéèrè: Kí ni kí n ṣe tó bá ti bẹ̀rẹ̀?

Kọ́kọ́ jáwọ́ nínú kíkà á. Lọ́dún tí àkọ́bí mi rìnrìn àjò tí n kò gbúròó rẹ̀, mo máa ń jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì, ìka méjì lórí ọrùn ọwọ́, ojú lára aago. Mo kà á, ó jẹ́ 104. Ẹ̀rù bà mí. Mo tún un kà, ó di 112. Èmi nọ́ọ̀sì, tí mo mọ̀ pé ìbẹ̀rù ló ń lé e sáré, èmi náà ni mò ń koná mọ́ ọn. Alẹ́ tí mo mú ìka mi kúrò, tí mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ni ó kọ́kọ́ rọlẹ̀ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, mí. Fà á sí imú, ka ení dé ẹ̀rin. Rọra fẹ́ ẹ jáde lẹ́nu bí ẹni ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná, ka ení dé ẹ̀fà. Gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn. Ikùn ni kó máa gbéra, kì í ṣe èjìká. Èyí tó ń jáde ni kó gùn jù, torí ìgbà tá a bá ń mí síta ni ọkàn máa ń dẹ ìlù rẹ̀. Ṣe é fún bí ìṣẹ́jú 5. Má mí hẹlẹhẹlẹ. Mímí bẹ́ẹ̀ ló ń lé afẹ́fẹ́ carbon dioxide jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, ìyẹn ló ń fa òòyì, tí ìka àti ètè fi máa ń ṣe bíi pé èèrà ń rìn níbẹ̀.

Má sì bá a jà. Wí fún un pé, "Mo mọ̀ ọ́. Lù tán, kó o sinmi." Ìpayà tó le gan-an sábà máa ń dé góńgó láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀. Kó tó wálẹ̀, wá nǹkan fọ́wọ́ ṣe: ká aṣọ, ṣa ẹ̀wà. Tílẹ̀ bá mọ́, lọ síbi tó o ti ń lọ tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá sá fún Ọjà Jagun nítorí pé ibẹ̀ ni àyà rẹ̀ ti kọ́kọ́ lù, láìpẹ́ á sá fún ṣọ́ọ̀ṣì, á sá fún òde ìgbéyàwó, á wá ku òun àti yàrá.

Ìbéèrè (akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH kan ní àdúgbò Under-G): Mo máa ń jẹ obì kàwé mọ́jú. Ṣé ó kàn án?

Ó kàn án gan-an. Kaféènì, èròjà tó ń lé oorun lọ, wà nínú obì, bó ṣe wà nínú kọfí àtàwọn ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára. Lẹ́yìn bíi wákàtí 5, nǹkan bí ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ara. Obì tó o jẹ ní aago mẹ́wàá alẹ́ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní aago mẹ́ta òru. Má sì febi kàwé, torí ebi náà ń tú oje yẹn. Àwa tí wọ́n ń kì ní Ajílété, níbi tí wọ́n ti ń jẹkà kí wọ́n tó mùkọ yangan, ebi kọ́ ló yẹ kó máa lùlù láyà wa.

Ìbéèrè: Ẹnì kan ní kí n ra oògùn oorun ní kẹ́míìsì.

Jọ̀ọ́, má rà á láìrí dókítà. Púpọ̀ nínú wọn tètè ń di bárakú. Oògùn ọkàn tí wọ́n ń pè ní propranolol ń dẹ ìlù ọkàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó léwu fún ẹni tó ní ikọ́ fée.

Ìbéèrè (bàbá kan láti Ọ̀yọ́): Ìyàwó mi ní ayé ló ń lu àyà òun. Ṣé ká lọ ilé àdúrà?

Ẹ gbàdúrà, bàbá. Èmi náà ń gbà á. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbé ààwẹ̀ gbígbẹ àti àìsùn ọjọ́ mẹ́ta lé e lórí, torí ara tí kò jẹun, tí kò sùn, ni àyà rẹ̀ ń lù jù. Ẹni tó bá sì ń wí fún un lójoojúmọ́ pé ẹnì kan ń lépa rẹ̀, ajá ni onítọ̀hún ń tú sí i. Mo bẹ̀ yín, ẹ mú u lọ fún àyẹ̀wò pẹ̀lú.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kì í ṣe àníyàn?

Àyẹ̀wò ló ń sọ ọ́. Àìtó ẹ̀jẹ̀, ibà, oyún, gẹ̀gẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ jù lọ́rùn, oògùn tí àwọn oníkọ́ fée ń fín sẹ́nu, gbogbo wọn ló lè mú ọkàn sáré. Bó bá jẹ́ pé o dákú, tàbí àyà ń dùn ọ́ tó ń ran apá tàbí àgbọ̀n, tàbí tí èémí ń gé, tàbí tó jẹ́ ìgbà tó o bá ń ṣiṣẹ́ agbára ló máa ń bẹ̀rẹ̀, tàbí tí ẹbí rẹ kan ti kú lójijì ní kékeré, má dúró dọ̀la. Ilé ìwòsàn LAUTECH wà níbí, Bowen náà wà, èyí tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Bàptísì láti ọdún 1907 tí iṣẹ́ ìwòsàn ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ wò, kí wọ́n sì ṣe ECG, èyí tí wọ́n ń lẹ wáyà mọ́ àyà. Bí gbogbo rẹ̀ bá mọ́, béèrè lọ́wọ́ dókítà pé kó fi ọ́ hàn ẹni tó ń tọ́jú ọkàn tí kò balẹ̀. Kì í ṣe asínwín nìkan ni wọ́n ń tọ́jú. Ọ̀rọ̀ sísọ pẹ̀lú irú ẹni bẹ́ẹ̀, lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, ti gba ọ̀pọ̀ èèyàn sílẹ̀.

Aránṣọ wa tún kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ó tún dé ní aago méjì. Ó dìde, ó tan iná, ó ń gán bọ́tìnnì mọ́ bùbá oníbàárà kan. Nígbà tó dé orí ìkẹrin, ó rí i pé òun ti ń yán.