Bí A Ṣe Ń Yan Àwọ̀ Omi Òkun Fẹ́ẹ́rẹ́ fún Yàrá

Nínú gbogbo àwọ̀ fẹ́ẹ́rẹ́, èyí tó wà láàárín búlúù àti àwọ̀ ewé ló ń da onílé láàmú jù. Lórí káàdì àwọ̀ ní quincaillerie, ìyẹn ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọ̀dà àti irinṣẹ́, ó tutù, ó sì wu ojú. Tí wọ́n bá kùn ún sára ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tán, ó lè dà bí ọsibítù, ó sì lè dà bí ògiri tí wọ́n fi eérú pa. Funfun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, búlúù àti ewé ibẹ̀ kò tó nǹkan, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé ló ń pinnu èyí tí ojú máa rí. Yàrá la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò ká tó wo káàdì.

Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìlà-oòrùn ń gba ìmọ́lẹ̀ tó pọ́n díẹ̀ láàárọ̀, ewé inú àwọ̀ náà á yọ. Tó bá di ọ̀sán, ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run nìkan ló kù, búlúù á wá borí. Ti ìwọ̀-oòrùn ń ṣe òdì kejì èyí. Ní ti àríwá àti gúúsù, ìmọ̀ràn tó kún inú ìwé àwọn Faransé, pé yàrá àríwá kì í rí oòrùn, kò bá ilẹ̀ wa mu. Láti nǹkan bí àárín oṣù kẹrin títí di ìparí oṣù kẹjọ, oòrùn ọ̀sán ń gba ìhà àríwá kọjá lórí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), Kétu àti Ṣábẹ ní ilẹ̀ Benin. Ìgbà ọyẹ́ ló ń wọ fèrèsé gúúsù dáadáa. Ẹni tó bá dán àwọ̀ wò lóṣù kìíní kò tíì rí bí yàrá àríwá rẹ̀ ṣe máa rí lóṣù kẹfà.

Ohun tó wà níta náà ń wọlé. Ilẹ̀ Kétu pupa. Tí àgbàlá kò bá ní koríko tàbí sìmẹ́ńtì, oòrùn á ta pupa ilẹ̀ yẹn sókè sí àjà àti ògiri. Pupa àti omi òkun sì ń pa ara wọn ni, eérú ló ń kù. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ fẹ́ àwọ̀ tó kún ju ti orí káàdì tó wu onílé lọ díẹ̀. Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Àjàṣẹ́, níbi tí ilé ti fara kanra, ògiri aládùúgbò tó kun ilé rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè lè sọ búlúù di ewé. Igi máńgòrò ẹ̀bá fèrèsé ń ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ṣókùnkùn ńkọ́? Ẹ má wulẹ̀ kùn ún ní àwọ̀ yìí, ìdọ̀tí ló máa jọ.

Tó bá di alẹ́, gílóòbù ló kù. Nọ́ńbà kan wà lára páálí rẹ̀ tí lẹ́tà K tẹ̀ lé: 2700K ń tan iná pupa rẹ́súrẹ́sú, á fa àwọ̀ náà sápá ewé, 6500K ń tan iná funfun tó ní búlúù nínú, á sọ ọ́ di tútù bíi yìnyín. 4000K ló máa ń bá a gbé jù. Ká pààrọ̀ gílóòbù sì rọrùn ju ká tún yàrá kùn lọ.

Akunlé púpọ̀ ní ọ̀dọ̀ wa kì í ra ọ̀dà tí wọ́n ti pò tán. Ọ̀dà funfun olómi ni wọ́n ń rà, wọ́n á wá fojú díwọ̀n àwọ̀ inú ìgò róbà kékeré sí i. Ibí yìí gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí búlúù inú ìgò yẹn lágbára púpọ̀. Ẹ lo síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Ẹ bu ìlàjì líta funfun sínú ike, ẹ fi mílílítà kan búlúù sí i, ẹ rò ó títí kò fi ní sí ìlà kankan mọ́, kí ẹ tó máa fi ewé sí i ní ìdajì mílílítà lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà ni ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé: àwọ̀ kẹta, ìyẹn pupa bí amọ̀ tàbí dúdú, ẹ̀kán kan tàbí méjì péré. Òun ló ń mú kí àwọ̀ náà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Láìsí i, á máa pariwo lára ògiri bíi súìtì ọmọdé. Ká sòótọ́, èyí tó dà bíi pé ó ti ṣá jù lórí káàdì ló sábà máa ń tọ̀nà, nítorí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ta àwọ̀ síra wọn, ó sì ń le sí i.

Ẹ kọ iye mílílítà sílẹ̀. Ẹ kun páálí funfun tó fẹ̀ tó 60 sẹ̀ǹtímítà níbùú lóròó, ẹ̀ẹ̀mejì, ẹ jẹ́ kó gbẹ di ọjọ́ kejì. Ọ̀dà olómi tó tutù máa ń mọ́ ju èyí tó gbẹ lọ. Ẹ má kùn ún sára ògiri tó ti ní àwọ̀ tẹ́lẹ̀, torí àwọ̀ àtijọ́ tó yí i ká á tan ojú jẹ. Ẹ gbé páálí náà dúró lẹ́bàá ilẹ̀kùn, lẹ́yìn àga, ní igun tó ṣókùnkùn, ní agogo mẹ́jọ àárọ̀, ní ọ̀sán, ní agogo márùn-ún, àti lábẹ́ iná.

Yàrá mítà 4 sí 3.5 tó ga ní mítà 2.8 ní ògiri mítà onígun mẹ́rin (m²) 42. Ẹ yọ ilẹ̀kùn kan àti fèrèsé méjì, ó ku bíi 37. Líta kan ń kun bíi mítà 8 lórí ògiri tó jọ̀lọ̀, nítorí náà ìkùn méjì ń gba bíi líta 10. Kílò ni wọ́n sábà ń kọ sára garawa. Líta kan ń wọn nǹkan bíi kílò 1.5. Tí ìlàjì líta bá ti tọ̀nà, ẹ sọ iye mílílítà di ìlọ́po 20, kí ẹ sì po gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú agbada kan ṣoṣo. Bí ẹ bá pò ó ní garawa-garawa, ògiri kẹta kò ní jọ ìkejì.

Pẹ́lásítà tuntun fẹ́ bí ọjọ́ 28 kó tó gba ọ̀dà, nítorí agbára sìmẹ́ńtì máa ń jẹ àwọn búlúù kan. Ní ẹ̀bá ọ̀sà Àjàṣẹ́, omi máa ń gun ògiri láti ìsàlẹ̀, funfun bí iyọ̀ á yọ, ọ̀dà á sì bó. Ẹ wá ojútùú sí omi náà ná. Ẹ má lo ọ̀dà olóròóró aláwọ̀ yìí fún ilẹ̀kùn inú ilé: ó máa ń pọ́n níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé, á wá di ewé pátápátá. Ẹ fi èyí tó bá ṣẹ́ kù pamọ́ sínú ìgò tó dé pa. Tí ẹ bá fẹ́ tún ibi kan ṣe, ẹ kùn ún láti igun dé igun, àbùlẹ̀ àárín ògiri máa ń hàn.