Ìwádìí Ìbàdàn àti Indianapolis lórí ìṣarán àgbà

Ìwádìí Ìbàdàn àti Indianapolis jẹ́ iṣẹ́ tí Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà jọ dáwọ́ lé lọ́dún 1992 lórí ìṣarán, ìyẹn àìsàn tó ń ba iyè àgbàlagbà jẹ́ débi pé kò ní lè dá bójú tó ara rẹ̀ mọ́. Àìsàn Alzheimer ló wọ́pọ̀ jù nínú irú rẹ̀. Àwọn Yorùbá tó ti pé ọdún 65 sókè ní àdúgbò Ìdíkàn, Ìbàdàn, ni wọ́n fi wé àwọn aláwọ̀ dúdú ẹgbẹ́ wọn ní Indianapolis. Hugh Hendrie ló ṣáájú níhà Amẹ́ríkà. Ní Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun ni, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ lórí májèlé inú ẹ̀gẹ́ àti àrùn iṣan ti sọ di olókìkí tẹ́lẹ̀. Nígbà tó kú lọ́dún 1995, Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéṣọlá Ògúnníyì ló tẹ̀ síwájú nínú iṣẹ́ náà.

Kí ọ̀rọ̀ tó kan ọpọlọ rárá, ọjọ́ orí ti di ìṣòro. Ọ̀pọ̀ àgbà Ìdíkàn ni kò ní ìwé ìbí, wọn kò sì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà. Ìṣẹ̀lẹ̀ ayé àtijọ́ tí gbogbo ìlú mọ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò ọdún wọn. Bákan náà ni àyẹ̀wò tó dá lórí ìwé kíkà ì bá ti sọ ẹni tí orí rẹ̀ pé di aláìsàn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lo ìbéèrè tí kò bèèrè ìwé: kí ni wọ́n ń fi òòlù ṣe? Ẹ nawọ́ sí fèrèsé, kí ẹ tó nawọ́ sí ilẹ̀kùn. Wọ́n tún ń bi mọ̀lẹ́bí àgbà náà bó ṣe ń ṣe nínú ilé. Ẹni tí èsì rẹ̀ bá mú ìfura wá ni dókítà yóò yẹ̀ wò dáadáa. Àwọn olùwádìí ìṣarán ní àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn náà lo irú ìbéèrè yìí.

Àbájáde tí wọ́n ń tọ́ka sí jù jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn JAMA lọ́dún 2001. Wọ́n rí i pé lọ́dọọdún, ìṣarán ń mú nǹkan bí 1.35 nínú 100 àgbà Ìbàdàn, àmọ́ ó ń mú 3.24 ní Indianapolis. Ti Alzheimer nìkan jẹ́ 1.15 ní Ìbàdàn àti 2.52 ní Indianapolis. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kéré ní Ìbàdàn ju ti Indianapolis lọ, ó sì ṣeé ṣe kí èyí wà lára ohun tó fà á, ṣùgbọ́n fífi ìlú méjì wéra nìkan kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Èyí tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni ti APOE e4, irú àbùdá àjogúnbá (gene) kan tó ń mú kí Alzheimer tètè kọlu èèyàn ní ọ̀pọ̀ ibi. Àwọn Yorùbá ní i dáadáa, síbẹ̀ àbájáde ìbẹ̀rẹ̀ kò rí i pé ó so mọ́ àìsàn náà láàárín wọn. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni àyẹ̀wò tó gùn sí i wá fi hàn pé ewu náà pọ̀ sí i fún àwọn tó jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá pa pọ̀.