Pípààrọ̀ ẹ́ńjìnì àti ìdọ́gba ìwúwo nínú ọkọ̀ onígbòkun kékeré

Pípààrọ̀ ẹ́ńjìnì nínú ọkọ̀ onígbòkun kékeré ni yíyọ ẹ́ńjìnì tó ti gbó kúrò nínú ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ ń tì lójú omi, kí a sì gbé òmíràn sípò rẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fi ẹ́ńjìnì rìn ní gbogbo ìgbà. Ìgbà tó bá ń wọ èbúté, tó ń jáde, tàbí tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́ ló ń nílò rẹ̀. Agbára ẹṣin ni ẹni tó ni ọkọ̀ sábà máa ń kọ́kọ́ béèrè, ṣùgbọ́n ìwúwo ẹ́ńjìnì tuntun náà àti ibi tí wọ́n gbé e sí ni yóò pinnu bí ọkọ̀ yóò ṣe jókòó lórí omi.

Ẹ́ńjìnì Atomic 4

Ní Amẹ́ríkà, Atomic 4 wà lára àwọn ẹ́ńjìnì tí wọ́n ń yọ jù. Ilé-iṣẹ́ Universal ti ìlú Oshkosh, ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní 1947, wọn ò sì dáwọ́ rẹ̀ dúró títí di àárín àwọn ọdún 1980. Iye tó jáde tó nǹkan bí 40,000. Epo bẹntiróòlù ló ń mu, sílíńdà mẹ́rin ló ní, agbára ẹṣin 30 ni wọ́n kọ fún un lórí ìwé, ó sì wúwo tó bíi kg 150. Ọkọ̀ Pearson Triton, tí Carl Alberg ya àwòrán rẹ̀, tí wọ́n sì gbé jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní New York ní 1959, wà lára àwọn tó gbé e. Fáíbà ni wọ́n fi ṣe Triton, fáíbà kì í sì í jẹrà bí igi, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọkọ̀ náà ló pẹ́ ju ẹ́ńjìnì tí wọ́n kọ́kọ́ gbé sínú rẹ̀ lọ.

Iyọ̀ ló ń pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn Atomic 4. Omi òkun gan-an ni ẹ́ńjìnì náà ń fà gba inú irin rẹ̀ kó lè tutù, iyọ̀ á sì máa jẹ irin náà láti inú. Ìbẹ̀rù iná wà níbẹ̀ pẹ̀lú: èéfín bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń lọ jókòó sí, ó sì ń dúró de ẹ̀tapàrá iná kan ṣoṣo. Epo dísù, tí àwọn awakọ̀ wa ń pè ní gáàsì, kì í tètè gbiná bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ àwọn mẹkáníìkì kan ṣì fara mọ́ títún Atomic 4 ṣe, torí pé kì í pariwo, kì í sì gbọ̀n bíi dísù oní-sílíńdà kan tàbí méjì.

Ìwúwo àti ibi tó wà

Ẹni tó bá ti wọ ọkọ̀ alájẹ̀ rí mọ̀ pé bí èrò kan bá dìde láti àárín lọ sí ìdí ọkọ̀, iwájú á gbé sókè, bẹ́ẹ̀ èrò ò pọ̀ sí i. Bó ṣe rí nínú ọkọ̀ onígbòkun náà nìyẹn. Ìwúwo nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́. Ìwúwo lọ́nà ìjìnnà rẹ̀ sí àárín ọkọ̀ ni.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò àfojúbù wò ó. Bí ojú tí ọkọ̀ fi gba omi bá fẹ̀ tó mítà onígun mẹ́rin 10, ẹrù tó tó kg 100 ló ń mú un rì ní sẹ̀ǹtímítà 1. Ká ní wọ́n yọ ẹ́ńjìnì kg 150, tí wọ́n fi dísù kg 100 rọ́pò rẹ̀, ọkọ̀ á gbéra ní ìdajì sẹ̀ǹtímítà péré. Ta ló máa rí ìyẹn? Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnì bá jókòó ní mítà 1.5 sẹ́yìn àárín, kg 50 tó dín kù lọ́nà mítà 1.5 jẹ́ 75. Nínú ọkọ̀ tí gígùn rẹ̀ lójú omi jẹ́ nǹkan bíi mítà 6, ìyẹn lè gbé ìdí sókè kó sì tẹ iwájú rì, tí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì á fi súnmọ́ sẹ̀ǹtímítà 2. Ilà ọ̀dà ara ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí rẹ̀.

Àwọn kan á wá lọ kó òjé sí ìdí ọkọ̀. Kò pọn dandan. Ẹ̀wọ̀n ìdákọ̀ró oní-mìlímítà 8 tó gùn ní mítà 30 wúwo tó bíi kg 42. Bí a bá gbé e kúrò ní iwájú wá sẹ́yìn ní mítà 2, sí ìdí òpó ìgbòkun, 42 lọ́nà 2 jẹ́ 84. Ó ti borí 75 àkọ́kọ́, ẹrù kankan ò sì kún ọkọ̀. Ẹrù tó kúrò ní ìkángun tún ń dín bí ọkọ̀ ṣe ń fì síwá-sẹ́yìn nínú ìgbì kù.

Bí ẹ́ńjìnì tuntun bá wúwo ju ti àtijọ́ lọ, ìdí ọkọ̀ á rì, omi sì lè gba inú páìpù tó yẹ kó máa fa omi jáde padà wọlé síbi tí atukọ̀ ń jókòó. Ìhà ọ̀tún àti òsì náà ṣe pàtàkì: lítà omi kan jẹ́ kg 1, ti dísù jẹ́ bíi kg 0.84, nítorí náà táńkì tó wà lápá kan ṣoṣo lè mú ọkọ̀ tẹ̀.

Ó dára kí wọ́n wọn ọkọ̀ kí ẹ́ńjìnì àtijọ́ tó jáde: lórí omi tó dákẹ́, kí táńkì kún, kí wọ́n wọn láti etí ọkọ̀ dé ojú omi níwájú, lẹ́yìn, lọ́tùn-ún àti lósì. Lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnì bá ti jáde, kẹ́ẹ̀gì omi lítà 25 mẹ́rin, tí wọ́n tò sí ojú ibùjókòó rẹ̀, dúró fún ẹ́ńjìnì kg 100. Kí wọ́n tún un wọ̀n nígbà náà, kí wọ́n tó ná owó.

Propeller àti ìtòlọ́gbọọgba

Atomic 4 sábà máa ń yí propeller, ìyẹn abẹ́ tó ń yí nínú omi láti ti ọkọ̀, tààrà, láìsí jíà tó ń dín eré kù. Dísù ń lo jíà, ó sì ń fẹ́ propeller tó tóbi ju ti Atomic 4 lọ. Nínú Triton, ihò tó wà láàárín kíìlì (ẹ̀yà tó yọ sísàlẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀) àti ìtọ́kọ̀ ni propeller ń yí sí, ihò náà ló sì ń pààlà fún fífẹ̀ rẹ̀. Apá ibi tí dísù ń yí sí sábà máa ń yàtọ̀ sí ti Atomic 4. Bí wọn ò bá pààrọ̀ propeller, ọkọ̀ tí wọ́n fi sí jíà iwájú lè máa fẹ̀yìn rìn.

Ojú irin méjì tó so jíà pọ̀ mọ́ ṣáàfùtì, ọ̀pá irin tó ń yí propeller, gbọ́dọ̀ kanra dọ́gba. Bí ojú náà bá fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 10, àlàfo etí kan kò gbọdọ̀ fi ju mìlímítà 0.1 yàtọ̀ sí ti etí kejì. Irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín ni wọ́n ń kì bọ àárín wọn láti fi wò ó, orí omi ni wọ́n sì ti ń parí rẹ̀, torí pé ìrísí ara ọkọ̀ máa ń yí padà díẹ̀ bó bá kúrò lórí ìdúró ilẹ̀.

Mọ́tò iná mànàmáná

Mọ́tò iná fúyẹ́, bátìrì ló ni ìwúwo. Bátìrì òjé tó lè gba kilowatt-wákàtí 10 lè tó kg 300, nígbà tí lítíọ́ọ̀mù lè dín sí bíi kg 100. Àǹfààní rẹ̀ ni pé a lè pín bátìrì káàkiri, kí a sì tò ó sí àárín gbùngbùn lókè kíìlì, ohun tí ẹ́ńjìnì tó ní ṣáàfùtì kò gbà.