Bí ìwé-ẹ̀rí ẹgbẹ́ Cincinnati ṣe ń dé ọwọ́ àwọn tó jagun òmìnira Amẹ́ríkà

Nígbà tí ogun òmìnira Amẹ́ríkà ń kásẹ̀ nílẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 1783, àwọn ọ̀gá ọmọ ogun kóra jọ nítòsí Fishkill ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n dá ẹgbẹ́ Cincinnati sílẹ̀. Ọ̀gágun Henry Knox ló ronú kàn án, George Washington ni wọ́n sì fi jẹ ààrẹ. Owó iṣẹ́ oṣù kan ni ẹni tó bá wọlé máa dá, bẹ́ẹ̀ ìjọba ṣì jẹ ọ̀pọ̀ nínú wọn lówó. Ní tèmi o, ìyẹn ló jẹ́ kí ìwé-ẹ̀rí tí ẹgbẹ́ ń fún ọmọ ẹgbẹ́ ṣe pàtàkì: òun ni wọ́n máa fi han ọmọ àti ọmọ-ọmọ pé àwọn jagun.

Pierre L'Enfant, ará Faransé tó bá wọn jà, ló gbé iṣẹ́ àwòrán ìwé-ẹ̀rí náà lọ sí Paris, ibẹ̀ ni wọ́n ti fín in sára bàbà. Nínú àwòrán náà, akọni kan di ìhámọ́ra, ó fi ẹsẹ̀ tẹ àsíá Gẹ̀ẹ́sì mọ́lẹ̀. Idì ń ju mànàmáná láti inú èékánná rẹ̀ sára kìnnìún Gẹ̀ẹ́sì. Philadelphia ni wọ́n ti wá tẹ̀ ẹ́ sára awọ ẹran.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni bó ṣe máa rìn. Awọ tí kò tíì ní orúkọ kankan ń lọ sí Mount Vernon, ilé Washington ní Virginia, kó lè buwọ́ lù ú. Knox, akọ̀wé ẹgbẹ́, náà gbọ́dọ̀ buwọ́ lù ú. Lẹ́yìn náà ló tó kàn ẹ̀ka ẹgbẹ́ ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Owó ìfìwéránṣẹ́ kò sì kéré. Lábẹ́ òfin ọdún 1792, sẹ́ǹtì 6 ni ojú ìwé kan tí kò bá rìn ju máìlì 30 lọ. Tó bá kọjá máìlì 450, ó di sẹ́ǹtì 25. Ẹni tí wọ́n kọ̀wé sí ló sábà máa ń sanwó. Ilé ìfìwéránṣẹ́ sì lè kọ ẹrù tó bá wúwo ju pọ́n-ùn 3 lọ. Irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ tó ń rìnrìn-àjò tàbí ọkọ̀ ojú omi ló ń bá èèyàn gbé e. Ìgbà tó bá dé ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i, nítorí náà ọ̀pọ̀ ni Washington buwọ́ lù láìmọ ẹni tí yóò gbà á.