Orúkọ méjì lórí àwòrán kan: ta ló ya àwòrán inú ìwé Jules Verne gan-an?

Àwòrán kan ló fa ọ̀rọ̀ yìí o. Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti rí i rí, èyí tí ẹranko omi ọlọ́wọ́ gbọọrọ ń na ọwọ́ wọnú ọkọ̀ abẹ́ omi, nínú ìwé tí Jules Verne, òǹkọ̀wé ìtàn ará Faransé, kọ nípa Ọ̀gágun Nemo, olórí ọkọ̀ náà. Àbúrò mi kan fi ránṣẹ́ sí mi, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, mo rí De Neuville ní ìgun kan, mo rí Hildibrand ní ìgun kejì, èwo ló ni àwòrán nínú wọn?" Mo rò pé ìdáhùn ìlà méjì ni, ìbéèrè ẹ̀ kàn ń bímọ ni.

Èwo ló wá ya á nínú àwọn méjèèjì?

De Neuville ló yà á, Hildibrand ló gbẹ́ ẹ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó gbẹ́ ẹ, bí agbẹ́gilére ṣe ń gbẹ́ igi. Igi kan wà tó le kankan, àwọn Faransé ń pè é ní buis, wọ́n á gé e bí ẹ ṣe ń gé iṣu tí ẹ fẹ́ sè, ojú ibi tí ọ̀bẹ gé yẹn gan-an ni wọ́n á dán tí wọ́n á sì yàwòrán sí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ igi bí ìgbà tí wọ́n bá la pákó. Agbẹ́gi á wá mú irin ṣóńṣó, gbogbo ibi tó bá gbẹ́ kúrò á funfun nínú ìwé, ibi tó bá fi sílẹ̀ ni yíǹkì á dúró lé lórí, ìyẹn ló máa dúdú. Ìdí tí wọ́n fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí ò ju pé igi yẹn ga bákan náà pẹ̀lú lẹ́tà òjé tí wọ́n fi ń tẹ̀wé, torí náà ọ̀rọ̀ àti àwòrán lè jọ wọ ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n igi buis kì í tóbi. Tí àwòrán bá fẹ̀, ègé kéékèèké ni wọ́n máa fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ra, tó bá sì jẹ́ iṣẹ́ ìwé ìròyìn tó ń kánjú, wọ́n á tú u, wọ́n á pín in fún agbẹ́gi mẹ́rin, márùn-ún, kálukú á gbẹ́ tiẹ̀, wọ́n á tún un dè. Ẹ wo àwòrán ìwé ìròyìn ayé ìgbà yẹn dáadáa, nígbà míì ẹ máa rí ìlà funfun tín-ín-rín tó gba àárín rẹ̀ kọjá, ibi tí ègé méjì ti pàdé nìyẹn. Nígbà tó sì jẹ́ pé orí igi gangan ni ayàwòrán ń yà á sí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi fọ́tò gbé e síbẹ̀, òdìkejì ló gbọ́dọ̀ yà á, bí ìgbà téèyàn ń wo dígí, ọwọ́ òsì á di ọ̀tún.

Ṣé agbẹ́gi kàn ń tẹ̀lé ìlà ẹni ẹlẹ́ni ni?

Ó tì o, ibí yìí ni mo ti máa ń bínú nítorí wọn. Ọ̀pọ̀ ayàwòrán kì í fa ìlà kankan, búrọ́ọ̀ṣì àti omi dúdú ni wọ́n máa fi kun òjìji sórí igi. Igi ò mọ eérú, dúdú àti funfun nìkan ló mọ̀. Agbẹ́gi ló máa ronú irú ìlà tó máa jẹ́ kójú wa rí i bí omi, bí èéfín, bí awọ ẹja. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìwé ńlá yẹn fi dárúkọ ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ayàwòrán: ìwé Nemo tó jáde tàwòrán-tàwòrán ní 1871, wọ́n kọ ọ́ sí i pé àwòrán 111 látọwọ́ De Neuville àti Riou, Hildibrand ló gbẹ́ ẹ. Nínú ìwé Verne míì, ti erékùṣù àdììtú, tí Férat yàwòrán sí, Barbant ni agbẹ́gi.

Ṣé òótọ́ ni pé ojú Nemo jẹ́ ojú ẹnì kan?

Òótọ́ ni. Ọ̀gá tó ń tẹ ìwé Verne jáde, Pierre-Jules Hetzel, ló ní kí wọ́n fojú Ọ̀gágun Charras yà á, sójà kan tó tako Napoléon Kẹta, ọba Faransé, tí wọ́n sì lé kúrò nílùú, Switzerland ló kú sí ní 1865. Ọ̀jọ̀gbọ́n Aronnax tó ń sọ ìtàn náà sì rèé, ojú Jules Verne fúnra ẹ̀ ni Riou gbé fún un. Òǹkọ̀wé wá wọ inú ọkọ̀ tí òun fúnra ẹ̀ kàn.

Ṣé àwọn ayàwòrán yìí débẹ̀ ni, tí wọ́n fi lè ya Áfíríkà, Éṣíà, àti abẹ́ òkun?

Abẹ́ òkun kẹ̀? Rárá o. Ìdáhùn tó jẹ́ kí n jókòó ronú nìyí: láti 1860 ni ìwé ìròyìn kan wà ní Paris, Le Tour du Monde lorúkọ ẹ̀, tó ń gbé ìròyìn àwọn arìnrìn-àjò tòótọ́ jáde. Àwọn arìnrìn-àjò á kó àwòrán jágbajàgba àti fọ́tò wálé, ayàwòrán ní Paris á sọ ọ́ di àwòrán gidi. Ta làwọn ayàwòrán yẹn? Riou, De Neuville, Bayard wà níbẹ̀. Àwọn kan náà tó ń ya irọ́ Verne ló ń ya òótọ́ àwọn yẹn, ìlà kan náà, òjìji kan náà. Ẹni tó bá fi ọ̀sán ka ìròyìn odò Náílì, tó wá fi alẹ́ ka ìtàn bàlúùnù Verne tó gba Zanzibar lọ sí Sẹ̀nẹ̀gà, báwo lojú ẹ̀ ṣe máa mọ̀yàtọ̀? Mo rò pé ìdajì agbára ìwé Verne ibẹ̀ ló ti wá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ nìkan.

Ẹni tó rìn jù nínú wọn ni Léon Benett. Wọ́n bí i ní Orange ní 1839, Benet ni wọ́n ń kọ orúkọ ẹ̀ tẹ́lẹ̀, òun ló fi t kan kún un. Òṣìṣẹ́ gọ́mẹ́ńtì ni, ọ́fíìsì ìforúkọ dúkìá sílẹ̀ ló wà, wọ́n ń gbé e kiri: Àlùjéríà, gúúsù Vietnam, Martinique, New Caledonia. Ìwé ìyàwòrán ẹ̀ ń tẹ̀ lé e lọ síbi gbogbo, ìwé Verne bíi 25 ló wá yàwòrán sí. Igi ọ̀pẹ tó yà, ó ti jókòó sábẹ́ ẹ̀ rí.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o. Ní 1886 ìwé Robur jáde, nípa ọkùnrin tó kan ọkọ̀ òfuurufú, Benett ló yàwòrán ẹ̀. Ọkọ̀ náà gba Dahomey kọjá, ó dé Abọmẹ níbi tí ọba ti kú, wọ́n fẹ́ pa ọ̀pọ̀ èèyàn, àwọn ará òkè ọkọ̀ bá da ìbọn bò wọ́n. Àwa tí wọ́n sọ ogun Dahomey fún nílé, tí a mọ ohun tójú Abẹ́òkúta rí ní 1851 àti 1864, a ò ní sọ pé ìlú ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni Abọmẹ. Ṣùgbọ́n Dahomey ò sí nínú ibi tí Benett ti ṣiṣẹ́, ọba tí Verne sọ yẹn ò sì jẹ rí, Glele ló wà lórí oyè ní 1886. Gbogbo rẹ̀ kàn rí bíi fọ́tò ni, torí pé ọwọ́ tó ya òótọ́ ló yà á.

Wọ́n ní àwọn ayàwòrán yìí ti rí ayé òde òní ṣáájú, ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Díẹ̀díẹ̀. Nínú ìwé Verne tí wọ́n ti yí òṣùpá po, Émile Bayard ya àwọn èèyàn tí wọ́n léfòó láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, ó ṣáájú àwọn arìnrìn-àjò ojú ọ̀run tòótọ́ ní nǹkan bí 90 ọdún. Àṣìṣe wà níbẹ̀ ṣá: Verne rò pé ibi kan ṣoṣo láàárín ayé àti òṣùpá ni ara ti máa ń fúyẹ́ bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ìgbà tí ọkọ̀ bá ti kúrò nínú afẹ́fẹ́ ayé tí nǹkan kan ò sì tì í mọ́ ló ti yẹ kí wọ́n léfòó. Ẹni tó sún mọ́ ọn jù lójú tèmi ni Albert Robida, ẹni tó ń kọ tó sì ń yà fúnra ẹ̀. Ìtàn inú ìwé tó ṣe ní 1883 wáyé ní ọdún 1952, ó ya dígí ńlá kan sára ògiri pálọ̀, àwọn ará ilé jókòó, wọ́n ń wo eré tíátà tó ń lọ níbòmíì. Tẹlifísàn nìyẹn, tẹ́ ẹ bá bi mí! Ó ya takisí òfuurufú, ó ya obìnrin lọ́yà. Ẹ̀fẹ̀ ló sì ń ṣe o, apanilẹ́rìn-ín ni.

Kí ló dé tí ìwé Verne àkọ́tẹ̀ tí wọ́n ń tà lówó gọbọi ò fi láwòrán?

Ọjà Hetzel ni. Ó máa kọ́kọ́ ta èyí kékeré tí kò láwòrán, ìtàn náà sì lè ti jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ẹ̀, lẹ́yìn náà ló máa gbé ńlá aláwòrán jáde lásìkò ẹ̀bùn ọdún tuntun, ẹ̀yìn pupa, góòlù lára. Ìtàn bàlúùnù jáde ní 1863, aláwòrán di 1865.

Ibo ni àwọn ayàwòrán yẹn wá já sí?

De Neuville fi ìwé sílẹ̀, ó di ayàwòrán ogun, àwòrán ńlá tó yà ní 1873 nípa àwọn sójà tí ọta ìbọn fẹ́ tán mọ́ lọ́wọ́ ló sọ ọ́ di olókìkí. Riou ń yà á lọ títí ó fi kú ní 1900. Bayard ni tiẹ̀ pa mí lẹ́rìn-ín jù: òun ló ya ọmọbìnrin kékeré tó ń gbálẹ̀ nínú Les Misérables ti Victor Hugo, Cosette. Ọmọ yẹn náà ló wà lórí pósítà eré olórin tí wọ́n ń ṣe káàkiri ayé dòní. Wọ́n gé orí àti èjìká ẹ̀ nìkan, wọ́n fi àsíá kún un, ìgbálẹ̀ tó tóbi ju ọmọ náà lọ ti wọ́ lọ, orúkọ tó wà ní ìgun náà sì bá a lọ.